Ta Ló Wẹ Òkú Náà?

Ẹni mẹ́ta ló ti sọ fún mi pé àwọn rí ìyá ìyá mi ní Iléṣà. Ẹni àkọ́kọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lòun ti rí i, ó ró ìró aláró, òun kí i, kò dáhùn. Ẹnì kejì ní iyọ̀ ló ń rà. Ẹnì kẹta ni Tíṣà Gàníyù, ẹni tí ó yẹ kí ojú tì ju gbogbo wọn lọ. Ó ní òun rí i níwájú ilé kan, tó jókòó, tó ń kàwé. Bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà ti lo ogójì ọjọ́ ó lé nínú ilẹ̀, lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo, níṣojú gbogbo wa.

Mo bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léèrè bóyá wọ́n sún mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Mo bi wọ́n léèrè irú bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ní sálúbàtà ni. Ọ̀kan ní kò wọ bàtà. Tíṣà ní òun kì í wo ẹsẹ̀ àgbàlagbà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ẹ má retí ìtàn ìgbésí ayé. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ iye ọmọ tó bí, àwọn ọmọ náà wà láyé, kó lọ bi wọ́n. Irú èèyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ lè fojú ara yín wọn ìwà tí wọ́n ń hù sí i yìí.

Rábíátù Àjọkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Bí obìnrin Mùsùlùmí bá kú ní àdúgbò wa, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí pé kó wá wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó fi aṣọ funfun dì í. Ó ṣe é láti ìgbà tí ìyá mi wà lọ́mọ ọwọ́ títí dé ọdún tí òun náà kú. Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni ìwé ìtàn ẹlẹ́rù. Irun ti ń funfun lórí rẹ̀ kó tó mọ̀wé kà, ní kíláàsì àgbà tí kánsù dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti lè ka ojú ìwé kan láìdúró mí, ìwé iwin, ìwé òkú tó jí, ìwé ìlú abẹ́ omi, òun ló ń kà. Yóò jókòó sí fàráńdà lẹ́yìn ìrun àílà, jígí lójú, pẹ́ńsù létí bíi ti káfíńtà. Bí ó bá ti dé ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò yọ pẹ́ńsù náà, yóò sì dájọ́ létí ìwé. Ìdájọ́ rẹ̀ kò pọ̀: “Irọ́.” “Irọ́ díẹ̀.” “Ta ló rí i?” Bí òǹkọ̀wé bá sì ṣe dáadáa, tí kò wọ́pọ̀: “Ó mọ iṣẹ́.”

Mo rántí ìwé kan tí iwin inú rẹ̀ ní ẹnu mẹ́rìndínlógún. Mo ti kà á ní kọ̀rọ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò lè dá lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Nígbà tó kan ìyá àgbà, mo dúró ti àga rẹ̀, mò ń wo ojú rẹ̀. Ojú náà kò yí padà.

“Ìyá àgbà, ẹ̀rù ò bà yín?”

“Ẹ̀rù kí ni? Ẹnu mẹ́rìndínlógún, ikùn kan. Àbẹ̀ní, ta ló ń se oúnjẹ?”

“Iwin ni, Ìyá. Èèyàn ló ń jẹ.”

“Tútù ni?” Ó ṣí ìwé náà padà, ó ń wá a. “Wọn ò kọ ọ́. Ó níyàwó, wọ́n kọ ìyẹn. Ìyàwó náà ò sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Obìnrin tó ń bọ́ ẹnu mẹ́rìndínlógún tí kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan péré, òun gan-an ni iwin.”

Ọdún tí mọ́tò kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún, ó mú mi dání lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tàwé ní Alékúwodò. Ó fẹ́ dá ìwé kan padà. A ń sọdá títì, ó ń wo apá méjèèjì, ó ní òun ò tíì gbà pé gbogbo awakọ̀ ló ti gbọ́. Ìwé ọ̀hún dá lórí ìyàwó tó kú lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó padà wá di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ń làágùn.

“Òkú kì í làágùn,” ni ìyá àgbà wí, ó gbé ìwé kalẹ̀.

“Ìyá, ìtàn lásán mà ni.”

“Bó bá jẹ́ lásán, kí ló dé tí wọ́n fi tà á fún mi? Ẹ gbà á.”

Ọkùnrin náà ṣí i wò, ó rí pẹ́ńsù láti ojú ìwé kìíní dé òpin, ó fi ìka kan ìdájọ́ tó gbẹ̀yìn. “Àlájà, ẹ tiẹ̀ ti kà á tán pátápátá kẹ́ ẹ tó wá dá a padà!”

“Ṣé ẹ fẹ́ kí n dá a lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu ẹ̀ tán ni?”

A gbé ìwé náà padà sílé.

Mo lọ sí yunifásítì, mo sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwé. Mo padà wálé pẹ̀lú ẹnu gbígbòòrò, mo ṣàlàyé fún un pé olùkọ́ wa ní a kì í bi ìtàn bí ẹni ń bi ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin.

“Olùkọ́ yín ti wẹ òkú rí?”

“Rárá o, Ìyá.”

“Kó kọ́kọ́ wẹ ẹyọ kan.”

Ibẹ̀ ni gbogbo ìfura rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Nínú gbogbo ìwé òkú tó jí, ìbéèrè kan náà ló ń kọ sétí ìwé: “Ta ló wẹ òkú náà?” Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní dókítà lè ṣìṣe. Ó ní ọkọ lè purọ́, ẹ̀gbọ́n lè purọ́, ẹlẹ́kún ni kí ẹ tilẹ̀ má dá lóhùn rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da omi sí ara ẹni lẹ́ẹ̀mẹta, tó gbé apá sókè tí apá náà ò ran ara ẹ̀ lọ́wọ́, ẹni yẹn mọ̀. “Òǹkọ̀wé tí kò bá mọ ẹni tó wẹ òkú ẹ̀,” ó wí, “kò mọ̀ bóyá ó kú.”

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, ẹ jẹ́ kí n wá ròyìn Dọ́kásì.

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni Tíṣà Gàníyù, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé kan sókè lọ́sàn-án Sátidé fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ìtàn àkúdàáyà ni. Obìnrin kan kú nílùú rẹ̀, wọ́n sin ín, ó dìde lọ sí ìlú mìíràn, ó ń ṣòwò, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ọjọ́ tí ará ìlú rẹ̀ kan rí i tó sì pòórá. Ohùn Tíṣà dùn. Alékúwodò ló ti ń kà á, láti Òkè-Baálẹ̀ pàápàá ni wọ́n ti ń wá gbọ́ ọ.

Ní Alékúwodò yìí kan náà ni Dọ́kásì ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀. Ọmọ Ìwàrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni, òun nìkan ló ń gbé, ẹbí kì í wá kí i. Bó bá fẹ́ pe ilé, “ulé” ló ń pè é, àwa ọmọdé a sì máa sín in jẹ. Ohun kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé bí lọ́rì Iléṣà bá ti dúró, yóò da aṣọ bo igbá rẹ̀, yóò sì wọlé. Kí ìwé Tíṣà tó dé, wọ́n ní onítìjú ni. Nígbà tí ìwé dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

Sátidé kẹta, ọkùnrin olóbì kan, ará Ìwàrà, bọ́ sílẹ̀ láti inú lọ́rì kí Dọ́kásì tó ráyè wọlé. Ó rí i, àpò obì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Dọ́kásì! Dọ́kásì tí a sin!”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ẹni tó jẹ́ fọwọ́ kan òwú rẹ̀ mọ́. Télọ̀ kan jókòó, ó tú bọ́tìnnì méje kúrò lára aṣọ tó ti rán tán. Onílé rẹ̀ ní kó kó jáde kó tó di Jímọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni Dọ́kásì wá bá ìyá àgbà ní fàráńdà, ó kúnlẹ̀.

“Ìyá, wọ́n ní mo ti kú. Ẹ̀yin lẹ mọ òkú. Ẹ yẹ̀ mí wò.”

Ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wo abẹ́ èékánná rẹ̀. “Dìde, jàre. Òkú kì í sunkún kó tún fi ẹ̀gbẹ́ ìró fọn imú. Kí lo ṣe tó o fi ń sá fún lọ́rì?”

Ọkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yàn fún un ló kọ̀, tó sá lọ sí Jọ́ọ̀sì. Láti Jọ́ọ̀sì ló ti dé Òṣogbo. Ìbẹ̀rù ẹ̀gbọ́n náà ló ń lé e wọlé bí lọ́rì bá dé. Kò mọ̀ pé wọ́n ti sin òun.

Ìyá àgbà yá ìwé Tíṣà. Ọjọ́ méjì ló fi kà á. Lọ́jọ́ kẹta ó mú ìwé náà lọ síwájú ilé onílé Dọ́kásì, níbi tí Tíṣà àti àwọn télọ̀ jókòó sí.

“Tíṣà, ó kú lójú ìwé kẹtàlá. Wọ́n sin ín lójú ìwé kẹrìnlá. Láàárín méjèèjì, ta ló wẹ̀ ẹ́?”

“Ìyá, òǹkọ̀wé ò lè kọ gbogbo nǹkan tán.”

“Ó kọ iye ẹran tí wọ́n pa níbi ìsìnkú. Ó kọ irú ọbẹ̀ tí wọ́n sè. Ó ráyè ka ẹran, kò ráyè bu omi sára obìnrin náà?”

Àwọn télọ̀ rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín, mo sì wò ó dáadáa. Ó ní, “Ti ìwé lẹ ń sọ. Dọ́kásì ńkọ́? Àwọn ará Ìwàrà ní àwọn sin ín.”

“Mo ń lọ bi wọ́n,” ni ìyá àgbà wí.

Èmi ni mo bá a wọ lọ́rì. Ilé ẹ̀gbọ́n náà kò ṣòroó rí. Ìyá àgbà kí i tán, ó ní òun ń bèèrè Dọ́kásì. Kò jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ tó fi nawọ́ sí ibojì alásímẹ́ńtì kan lẹ́yìnkùlé. Ìyá àgbà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ibẹ̀ lara ti fu òun, pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ń dùn kì í yára nawọ́.

“Ta ló wẹ̀ ẹ́?”

“Àwọn obìnrin ìjọ.”

“Èwo nínú wọn?”

“Àlájà, kí ló kàn yín níbẹ̀?”

“Bí alágbẹ̀dẹ bá dé ìlú onílùú, alágbẹ̀dẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń lọ kí. Ẹlẹgbẹ́ mi ni mo wá kí.”

Obìnrin mẹ́rin la bá. Àkọ́kọ́ ní èkejì ló wẹ̀ ẹ́. Èkejì ní ẹ̀kẹta ni. Ẹ̀kẹta rán wa sí Ìyá Ìjọ, tó dàgbà jù nínú wọn. Ìyá Ìjọ gbé àga fún wa, ó bu omi fún wa, ó wá ń wolẹ̀.

“Àpótí ni wọ́n gbé dé láti Jọ́ọ̀sì, wọ́n ti kàn án pa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àrùn tó ń ràn ló pa á, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i. A kọrin, a gbàdúrà, a sin ín.”

“Èèyàn mélòó ló gbé e?”

“Méjì.”

“Àgbà obìnrin nínú pákó, èèyàn méjì?”

Ìyá Ìjọ gba ife omi lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ó fúyẹ́. Mo rí i pé ó fúyẹ́. N kò sọ̀rọ̀.” Ó wá sọ pé oko kòkó kan wà tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún Dọ́kásì, àti pé láti ọjọ́ ìsìnkú náà ni ẹ̀gbọ́n ti ń ká kòkó ibẹ̀.

Mo bi ìyá àgbà bóyá a ó ní kí wọ́n hú ibojì náà. Ó ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ la ó bá nínú àpótí náà, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò sì ní ká wẹ òun. Lẹ́yìn náà ló dojú kọ Ìyá Ìjọ, ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo Òkè-Baálẹ̀ há sórí lónìí: “Òkú tí ẹnikẹ́ni ò wẹ̀, kò tíì kú.”

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìjọ wá. Ó bọ́ sílẹ̀ ní Alékúwodò níwájú gbogbo àwọn tó ń gbọ́ ìwé, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ojú Dọ́kásì, ó di í mú títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì. “Ọmọ mi, ulé yá o.” Ó wá ra òwú dúdú. Dọ́kásì bá a lọ, ìjọ bá ẹ̀gbọ́n sọ ọ̀rọ̀, oko padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Mo ní ẹ̀sùn tèmi. Onílé kò tọrọ àforíjì. Télọ̀ rán bọ́tìnnì méjèèje padà sójú aṣọ, kò sọ nǹkan kan. Tíṣà Gàníyù pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní: “Síbẹ̀, ìtàn náà dùn.”

Ẹ má rò pé kò sí ìwé tó mi ìyá àgbà rí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí a sin ín, àdúrà ọjọ́ kẹjọ ò tíì tutù lẹ́nu àwọn ààfáà, ni àbúrò ìyá mi, Bọ̀ọ̀dá Múfú, kó gbogbo ìwé rẹ̀ fún alákàrà tó wà ní ìkóríta kó máa fi pọ́n àkàrà. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Mo ti kà wọ́n rí. Ó ní ìwé irọ́ ni, ìyá wọn fúnra rẹ̀ ló kọ “irọ́” sí wọn lára. Mo sáré dé ìkóríta, mo rí márùn-ún gbà odindi, àti ojúewé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ti ń jẹ àkàrà lọ. Ọ̀kan nínú ojúewé wọ̀nyẹn, epo ti mu ún dé àárín. Ìtàn ìyá kan ni, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kú, tó ń gbọ́ tí ọmọ náà ń fi odó kékeré gún nǹkan lẹ́yìnkùlé láràárọ̀. Kò jáde lọ wò. Ó mọ̀ pé bí òun bá jáde, kò ní í sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Létí ìwé náà, ìyá àgbà kò kọ “irọ́.” Kò béèrè ẹni tó wẹ òkú. Ìyá mi sọ fún mi pé ìyá àgbà bí ọmọbìnrin kan ṣáájú òun, tó kú lọ́mọ ọdún méje, pé ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló sì wẹ̀ ẹ́, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ohun tó kọ rèé, pẹ́ńsù náà ti fẹ́ẹ̀ parẹ́: “Èyí rí bẹ́ẹ̀.”

Ọjọ́ tó kú, ó wá kan ìyá àgbà kí wọ́n wẹ òun náà. Dọ́kásì gbọ́ ní Ìwàrà, ó sì bá wa kó tó di pé wọ́n gbé omi wọlé. Àwọn obìnrin tó ń bá ìyá àgbà ṣiṣẹ́ ní kò lè wọlé, Kìrìsítẹ́nì ni. N kò bá wọn jiyàn òfin ẹ̀sìn. Ohun tí mo bá wọn jà sí ni pé kò sí ẹnì kan tó gbé àga fún un. Ó lọ sídìí kànga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi. Gbogbo omi tí a lò lọ́jọ́ náà, láti àkọ́kọ́ dé èyí tí a po káńfọ̀ sí, ọwọ́ Dọ́kásì ló fà á.

Èmi ló da omi náà. Mo wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ tí ọmọ odó ṣẹ́ wà níbẹ̀, ó tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀. Mo gbé apá rẹ̀ sókè, kò ràn mí lọ́wọ́. Àmì dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka tó fi ń di pẹ́ńsù mú. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ, mo fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, Tíṣà, mo mọ̀. Ẹ̀yin kò mọ̀. Mo fura pé ẹ kò gbàgbé àwọn télọ̀ tó fi yín rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, pé ẹ̀san ni ẹ fẹ́ gbà bí ẹ ṣe sọ obìnrin tó gbéra lọ dé Ìwàrà kó lè gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ irú irọ́ yìí di àkúdàáyà. Bí mo bá ṣì yín fura, ẹ wá síwájú ilé wa kẹ́ ẹ sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà fúnra rẹ̀ kò ní í gbà kí n kọ ẹjọ́ kí n fi tèmi pamọ́. Láti ìgbà tí ẹ ti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Mo sọ fún ìyá mi pé ìwé ni mò ń lọ rà. Ní Mọ́ńdè tó kọjá, mo rí ẹ̀yìn obìnrin kan tó dúró níwájú ẹni tó ń tàwé, ìró aláró, èjìká kan ga ju ìkejì lọ bíi ti ìyá àgbà. Mo sáré. Mo fi ọwọ́ kàn án. Ó yíjú padà, kì í ṣe òun.

“Ta lò ń wá, ọmọ mi?” ni obìnrin náà bi mí.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo dúró níbẹ̀ láàárín ariwo ọkọ̀, mo bi ara mi ní ìbéèrè rẹ̀ sókè, bó ṣe máa ń bi ìwé: ta ló wẹ òkú náà?

Èmi ni. Èmi, Àbẹ̀ní, ni mo wẹ̀ ẹ́.